Ẹ̀rín Tó Ṣáájú Ìtàn

"Bàbá Ahun gé ọsàn náà sí méjì," ni Tíṣà Kékeré wí, ó sì kọ ìdajì sójú pátákó. "Ó mú ìdajì kan fún ara rẹ̀, nítorí òun ni bàbá. Ó tún gé ìdajì tó kù sí méjì. Ó mú ọ̀kan níbẹ̀, nítorí òun ló gé e. Kí ló wá kù?"

"Ìdámẹ́rin, mà," ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ náà ti ń dáhùn kí ìbéèrè tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìṣirò ìdajì àti ìdámẹ́rin ló ń kọ́ wọn, ìyẹn sì ni ìṣirò tó máa ń sọ kíláàsì di ọjà lọ́dọọdún. Ti ọdún yìí wá rọrùn bí ẹni mumi.

Ó tún gé èyí tó kù, Bàbá Ahun sì tún mú tirẹ̀, nítorí òun ló ni ọ̀bẹ. "Ìgbà náà ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ na ọwọ́," ni ó wí. "Bàbá rẹ̀ wo inú àwo, ó wò ó títí..."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà Kékeré dúró gbagidi, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Kò tíì dé ibi tó pani lẹ́rìn-ín. Hóró ọsàn ṣì wà nínú àwo, Bàbá Ahun kò tíì gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹ̀rín náà pàápàá kò dà bí ẹ̀rín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kí àlejò.

"Ta ló ti sọ ìtàn yìí fún yín?"

Mọ́nítọ̀ wọn dìde, ọmọbìnrin kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìyá Kíláàsì, nítorí ó máa ń bá wọn wí bí ẹni tó bí wọn.

"Ẹ̀yin ni, mà. Lánàá."

"Iṣẹ́ tó wà lójú pátákó ńkọ́?"

"Tàná náà ni, mà. Gbogbo rẹ̀."

Tíṣà Kékeré gbìyànjú láti rántí àná, kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọjọ́ kan ti ń wọnú èkejì mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ìyá Kíláàsì wo àwọn tó kù, àwọn yẹn wolẹ̀. "A ti jọ fẹnu kò, mà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹ ṣe báyìí, a sọ fún yín, ẹ bá lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ ń sunkún. A wá ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, ká kàn máa kọ ọ́. Ká sì bá yín rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá débi ẹ̀rín."

Pé òun gbàgbé kọ́ ló dun Tíṣà Kékeré. Ta ni kì í gbàgbé? Ohun tó dùn ún ni pé àwọn ọmọ tó yẹ kí òun máa tọ́jú ló ń tọ́jú òun, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Ó ní kí wọ́n jáde lọ ṣeré.

Bàtà hẹdimásítà wà lábẹ́ tábìlì nígbà tí Tíṣà Kékeré wọlé bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ náà ti sú òun pàápàá. Ó gbọ́rọ̀ rẹ̀ títí dópin, kò já lù ú.

"Tíṣà, ó ti rẹ gbogbo wa," ni ó wí. "Ẹ má wá lọ́la, ẹ sùn dáadáa. Tó bá di Mọ́ńdè, ẹ óò bá wa fi kíláàsì kẹrin kún tiyín. Olùkọ́ wọn ti bá tirẹ̀ lọ, mi ò sì tíì rí ẹlòmíràn."

"Sà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé mi ò rántí àná."

"Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ sùn lọ́la."

Tíṣà Kékeré wo ọkùnrin náà, ó sì rí i pé kò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, pé gbogbo ohun tó ní láti fún òun nìyẹn. "Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, sà," ni ó wí. "Tí sáà yìí bá ti parí." Ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Màmá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbọ́?" Bí hẹdimásítà ṣe dárúkọ màmá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá bàtà kiri lábẹ́ tábìlì. "Àwọn ló kọ́ mi ní kíláàsì kejì. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń sọ ọ́ fún wọn, ẹ má fi tèmi sí i."

Tíṣà Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ sì gba iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ti sọ ìyẹn di Tíṣà Kékeré. Kì í ṣe àìríṣẹ́ ṣe ló ń ba Tíṣà Kékeré lẹ́rù. Ọkọ rẹ̀, tó ń rán kọ́tìnì, ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó wá máa bá òun wọn aṣọ, kó máa gé e, iṣẹ́ náà sì wu òun náà. Aṣọ kì í bá ẹnì kejì rẹ̀ jà, kì í sì í sọ pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Báwo lèèyàn ṣe máa wo ojú Tíṣà Àgbà, kó ní òun ò ṣe tíṣà mọ́?

Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ká aṣọ tó gbẹ.

"O dé lásìkò," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ju etí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan sí i. "Di tìrẹ mú."

Wọ́n fa aṣọ náà gbọọrọ láàárín ara wọn.

"Màámi, mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ìyá náà rìn wá pàdé rẹ̀, ó fi etí tọwọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mú ibi tó ṣẹ́po. "Ṣé wọ́n bú ẹ ni?"

"Rárá o. Mo kọ́ wọn ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sì ń fipá rẹ́rìn-ín kí n má baà sunkún." Ẹkún náà sì dé. "Kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́, Màámi. Mo mọ̀ pé kò ní í dùn mọ́ yín. Ẹ̀yin ṣe tiyín dópin, ẹ ò ráhùn. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Tíṣà Àgbà wí. "Mi ò ní kóo tètè lọ gbà á."

Tíṣà Kékeré gbójú sókè.

"O ti rù. Bóo bá wá síbí ní Sátidé, orí àga lo máa ń sùn sí, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Èmi àti ọkọ rẹ ti ń wo ẹnu rẹ látọjọ́ yìí. Ó ní kí n bá ẹ sọ ọ́, mo ní rárá, wàá ní mò ń lé ẹ kúrò nídìí iṣẹ́ mi."

"Kò bí yín nínú?"

"Èmi ń jẹ iṣẹ́ yẹn bí oúnjẹ. Ìwọ ń gbé e mì bí oògùn. Kí ni ìbínú fẹ́ ṣe níbẹ̀?" Ó fa aṣọ náà díẹ̀. "Di etí ẹ̀ mú, o ti fẹ́ẹ̀ jẹ́ kó kanlẹ̀."

Tíṣà Kékeré fi èjìká nu ojú. "Kí ni wọ́n á wá máa pè mí?"

"Tíṣà Kékeré ni. Orúkọ kì í fẹ̀yìn tì."

Wọ́n ká aṣọ náà tán, wọ́n ká èyí tó kù. Nígbà tí Tíṣà Kékeré délé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sùn, kò sì lálàá ìwé kankan. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ń bà á lẹ́rù díẹ̀ nígbà tó jí.

Kò gba kíláàsì kẹrin. Ó ṣe ti kíláàsì tirẹ̀ dé òpin sáà, ó sọ fún àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé òun ń lọ, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ẹ̀rín ọjọ́sí. Àwọn kan sunkún. Ìyá Kíláàsì kò sunkún; ó ń bá àwọn tó ń sunkún wí.

Nígbà tó di ọjọ́ ìkẹyìn, tí wọ́n ti gbálẹ̀, tí wọ́n ti to àga, ọmọbìnrin náà nawọ́ sókè. "Ẹ bá wa sọ ti Bàbá Ahun, mà."

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ò parí ẹlẹ́ẹ̀kejì, mà."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Tíṣà Kékeré jókòó sórí tábìlì, ohun tí kò ṣe rí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Ahun gé e, ó mú tirẹ̀, ó tún gé e. Àbíkẹ́yìn na ọwọ́. Bàbá rẹ̀ wo inú àwo, ó wò ó títí. Àwọn ọmọ náà di ẹnu wọn mú, àwọn kan fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Wọ́n ń dúró dè é.

"Ló bá gbé hóró kan lé e lọ́wọ́. Ó ní, 'Gbìn ín, ọmọ mi. Tìrẹ ń bọ̀.'"

Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mí, òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.