Ta Ló Wẹ Àṣàbí?

Bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ wo lọkọ mi ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwé ìtàn ló ń kọ, ní Nàgó, Yorùbá tiwa, nílùú Kùtọ̀nú níbí, níbi tí àwọn tó mọ̀wé ti ń ka Faransé, tí àwọn tó ń sọ Nàgó ò sì mọ̀wé. Mùíbì lorúkọ rẹ̀, Bàbá Tàófíìkì lèmi ń pè é. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní Pobè kó tó fi í sílẹ̀ nítorí ìwé. Mo gbà fún un, torí àǹkárá tí mò ń tà lọ́jà Missèbo ń yá nígbà yẹn. Mo rò pé kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi múlẹ̀. Mo kàn ń tan ara mi jẹ ni.

Lọ́dún tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ìwé rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé l'Ékòó. A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni, ṣé eku ti jẹ ẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ọjà tèmi náà há sọ́hùn-ún. Àárín ìgbà yẹn ni ìyá mi kú n'Ílaròó, nílé ẹ̀gbọ́n mi. Ìlaròó tá a máa ń lọ láàárọ̀, tá a ó sì ti padà dé nírọ̀lẹ́. Mo dé ẹnubodè, sójà ní kí n padà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, ó ní àṣẹ ni. Ìgbà tí mo fi rí ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ti sin wọ́n. Àwọn tí mi ò mọ̀ ló wẹ ìyá mi. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Rédíò ló kó ọkọ mi yọ díẹ̀. Ìjọba Àyípadà tó ń ṣàkóso wa nígbà náà ní kí kálukú máa gbọ́ nǹkan ní èdè tirẹ̀, ni wọ́n bá fún un láyè lọ́sàn-án Àlàmísì kó máa ka ìtàn. Àyè yẹn náà ò fọkàn ẹni balẹ̀. Kámárádì kan, ọ̀gá ìjọba kan, lè jí láàárọ̀ kó ní ó tó. Ìtàn náà dá lórí Àṣàbí, ìyá àgbà kan láti Ṣakété, tó ń ti ibùdókọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wá ọmọ rẹ̀ obìnrin kiri. Àwọn obìnrin Missèbo máa ń kóra jọ sí ìsọ̀ Hàwáù, àgbà ọjà wa, láti gbọ́ ọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í dá oníbàárà lóhùn.

Èmi mọ Àṣàbí. Kì í wọ ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ò bá kọ́kọ́ kí i. Bó bá fẹ́ ra àgbọn, á kọ́kọ́ mì ín létí, á ṣe ojú bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ìyá mi ni, látorí dẹ́sẹ̀. Mi ò sọ fún ọkọ mi pé mo dá a mọ̀, òun náà ò sì sọ. A kàn ń wo ara wa níran.

Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Mo lọ bá Làmídì àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo ní kó bá mi wá iṣẹ́ gidi fún ọkọ mi. Ó sì rí i: kó máa tú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá sí Nàgó, láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa ka ìtàn tirẹ̀ lórí rédíò. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú ọkọ mi bí ẹní gbé oúnjẹ.

"Ìwé ńkọ́?" ló bi mí.

"Èyí tó wà l'Ékòó, ṣé ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì wà?"

"Mi ò mọ̀."

"Èyí tẹ́ ẹ máa kọ tẹ̀ lé e, ṣé ẹ mọ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Owó oṣù ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

"Ó parí nìyẹn. Ẹ bá mi gbà á, Bàbá Tàófíìkì."

Ó ní òun gbọ́. Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, ó pa Àṣàbí.

Ìsọ̀ Hàwáù ni mo wà. Àṣàbí jókòó sábẹ́ igi ní ibùdókọ̀ Pobè, ó wúkọ́, ó fẹ̀gbẹ́ lé ẹrù rẹ̀, ó kú. Ọkọ mi ní ìtàn parí, wọ́n fi orin sí i. Hàwáù pa rédíò. Ó yẹ kí inú mi dùn, ohun tí mo béèrè fún nìyẹn, àmọ́ mo ti ìsọ̀ mi pa kí ilẹ̀ tó ṣú, mo lọ sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ọ̀sán Àlàmísì mìíràn, Hàwáù àti àwọn obìnrin ọjà wọlé wá bá wa nílé wa n'Ákpakpa. Wọ́n bo orí, wọ́n gbé igbá mọ́sà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Mo rò pé wọ́n ti tún gbọ́ nǹkan láti Ìlaròó.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọkọ wa," Hàwáù kí ọkọ mi.

"Ta ló kú?"

"Àṣàbí ni. Òní ló pé ọjọ́ kẹjọ."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in. "Màmá, ìtàn ni. Èmi ni mo rò ó."

"A mọ̀ pé ìtàn ni. Ṣé òpè lẹ pè wá ni? Inú ìtàn náà la ti ń bá yín wí. Mùsùlùmí kú, ẹ gbé e jù sábẹ́ igi, ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ wọlé lọ. A fẹ́ ṣe fìdáù fún un, a sì ti din mọ́sà, ìgbà náà la rántí pé a ò mọ̀ bóyá wọ́n ti sin ín. Ṣé wọ́n ń ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ fẹ́ni tí wọn ò tíì sin ni? Ta ló kírun sí i lára? Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Ọkọ mi tẹ orí ba. Mo ti bá a gbé pẹ́, mi ò tíì rí ojú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ obìnrin," ló ní. "Ọkùnrin kì í dé ibẹ̀. Mo gbìyànjú, mi ò lè wọlé."

"Ẹ sì láya nílé. Ẹ bi í."

Ó wò mí, ó tún gbójú kúrò. "Mi ò lè bi òun."

Ìgbà náà ló yé mi. Gbogbo ibùdókọ̀ tó ń gbé Àṣàbí lọ yẹn, nítorí mi ni. Kò fẹ́ kí ìyá náà dé ibi tí wọn ò jẹ́ kí n dé, níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Nígbà tí mo sì ní kó gba iṣẹ́, ó sáré pa wọ́n, ó fo ibẹ̀ kọjá. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ara mi. Hàwáù gbé igbá mọ́sà sílẹ̀, ó ní àwọn á máa retí.

"Mo ti sọ fún wọn ní rédíò pé ó parí," ọkọ mi ní lẹ́yìn tí wọ́n lọ. "Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà mí padà. Àtìní tó ń bọ̀ ni mo sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àláàdì, mo fa àpótí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Ẹ mú bíìkì yín, ẹ máa kọ," mo ní.

Mo sọ ọ́ fún un bí ìyá mi ṣe kọ́ mi lọ́jọ́ tá a jọ wẹ ìyá tiwọn. Wọ́n máa ń fi ìgúnpá wo omi, bíi ti ọmọ tuntun. Aṣọ kì í kúrò lára òkú, abẹ́ rẹ̀ lọwọ́ ń gbà. Apá ọ̀tún ló ń ṣáájú. Ẹnu kì í dákẹ́: Màmá, ẹ bá wa yí díẹ̀, ẹ ṣeun, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀. Wọ́n á tú irun wọn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í ní mẹ́ta. Ibẹ̀ ni mo dúró, torí mi ò mọ ọwọ́ ẹni tó di irun ìyá mi. Mo sunkún. Ọkọ mi fẹ́ gbé bíìkì sílẹ̀.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀," mo ní. "Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti dé. Ẹ kọ ọ́ pé òun ló dì í."

Ilẹ̀ Àtìní mọ́ bá a níbẹ̀. Làmídì gbé mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù rẹ̀, dé iwájú ilé, ó wọ aṣọ iṣẹ́, kò pa ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo jáde lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni wọ́n wà? Àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn kì í dúró de èèyàn."

Mo wẹ̀yìn wò. Ọkọ mi tẹ̀ba lórí tábìlì, ó ṣì ń kọ, ètè rẹ̀ ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa dá Àlàmísì rẹ̀ padà fún un. Mi ò mọ ohun tá a máa jẹ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́.

"Máa lọ, Làmídì. Wọn ò ráyè. Wọ́n ń wẹ ìyá wa lọ́wọ́."

Làmídì náà ti ń gbọ́ Àṣàbí ní rédíò, ó mọ ẹni tí í ṣe. Ìyá tiẹ̀ náà ni, òun náà ò sì débẹ̀. Ó pa mobilẹ́ẹ̀tì, ó ṣí fìlà lórí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí ọmọkùnrin ṣe ń jókòó síta títí wọ́n á fi wẹ ìyá rẹ̀ tán.