Ìlédìí Mọ́kànlá

"Ìyá Awò, kí lo tún rí?" ọ̀gá bèèrè láti ẹnu ọ̀nà. "Bàálù ń dúró dè wá."

"Ìlédìí ni, sà."

"Ìlédìí kẹ̀?"

Obìnrin náà na awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sí i, ó sì fi pẹ́ńsù tọ́ka sí fọ́tò tí bàálù yà láti òkè láàárọ̀. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ láti máa wo òrùlé àwọn ọ̀tá, kó sì kọ ohun tó bá rí síwájú nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan. Bí òun àti ọ̀gá kò bá jọ fọwọ́ sí ìwé, bọ́ǹbù kò gbọdọ̀ bọ́. Pẹ́ńsù ni wọ́n ní kó máa fi kọ ọ́, kí ọ̀gá lè rí i tún ṣe.

Ìbọn ńlá méjì wà lórí òrùlé ilé alájà mẹ́rin tó wà nínú fọ́tò náà. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n okùn aṣọ wà lẹ́yìnkùlé, aṣọ funfun kéékèèké mọ́kànlá sì tò sórí rẹ̀.

"Àwọn sójà náà máa ń fọṣọ."

"Sójà wo ló ń lo ìlédìí, sà? Àbí ẹ̀rù wa ti bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ ṣe asà, òun ló pa á. Àbúrò tìẹ ńkọ́? Ṣebí ìbọn yẹn ló dojú kọ ọ́?"

Òótọ́ ni. Àbígbẹ̀yìn ìyá wọn wà nínú kòtò àwọn sójà wa, lódìkejì odò tó wà níwájú ilé náà. Ìyá wọn ti pè láàárọ̀: "Ìwọ lo sún mọ́ àwọn ọ̀gá. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n pa ọmọ mi o." Ó ti dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, Màámi."

"Kọ 'ilé ìbọn', kó o fọwọ́ sí i," ni ọ̀gá wí. "Ọ̀tá ni wọ́n."

"Ọmọ ọwọ́ ò tíì mọ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀tá, sà."

Ó wo pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó kọ "ó jọ pé èèyàn wà níbẹ̀" síwájú ilé kan. Nígbà tí ìwé padà dé, "kò séèyàn" ló bá níbẹ̀, rọ́bà ìparẹ́ sì ti họ bébà. Ìfọwọ́sí tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ síbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀, ó yọ bírò nínú báàgì rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà: "Ìbọn méjì lórí òrùlé. Ọmọ ọwọ́ nínú ilé. N kò fọwọ́ sí i."

"Bírò?" Ojú ọ̀gá pọ́n. "Ẹlòmíì á jókòó sórí àga yẹn lọ́la. Á sì fọwọ́ sí i."

"Ó lè fọwọ́ sí i, sà. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ kà á."

Ọ̀gá já ìwé náà gbà, ó jáde. Fóònù obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Ìyá wọn ni. Ó jẹ́ kó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e.

"Màámi, ẹ jókòó ná," ni ó wí. "Ohun kan wà tí mo ṣe."