Bí Àǹtí Winnie Kò Bá San Owó Ilé

"Bí ìyá yìí kò bá san owó ilé fún oṣù méjì, ṣé ẹ máa lé wọn jáde?"

Ọ̀gbẹ́ni Sugden, akọ̀wé kánsù ìlú, kò gbójú sókè nígbà tó béèrè. Ó ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè náà láàárọ̀ yẹn, ohùn rẹ̀ sì ti gbẹ bí ohùn ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀. Garth, tó jókòó ti àbúrò ìyá rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ni kí n lé? Ẹni tó ń wẹ̀ fún mi nígbà tí ìyá mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru? Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́. Kí n lé Àǹtí Winnie síta, kí n tún lójú láti rìn ní àdúgbò wa?"

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ kò ní lé wọn?"

"Láéláé. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́."

Sugden kọ ọ́ sílẹ̀.

Winifred Ollerenshaw, Àǹtí Winnie fúnra rẹ̀, nàró lórí àga. Láti ìgbà tó ti sin Clifford ọkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ lójú àjèjì. Ì bá wù ú kí àwọn tó tò sẹ́yìn gíláàsì gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó fi ọwọ́ kọ́ apá Garth, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tí ọmọ náà ti gbéyàwó, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kánsù bí ẹni tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀.

Ohun tí wọ́n bá lọ kò ju kékeré lọ. Ilé tí Winifred àti Clifford ti háyà láti ìgbà èwe wọn ni àwọn ọmọ onílé tà nígbà tí baba wọn kú. Garth ní àǹtí òun kò ní máa wá ilé kiri nígbà tí ilé tí Hilda, ìyá òun, fi sílẹ̀ wà lófìfo ní ojúlé kejì sí tòun. Ṣùgbọ́n ó ti yáwó ní báńkì lórí ilé yẹn láti fi tún òrùlé rẹ̀ ṣe, báńkì a sì máa gba tirẹ̀ lóṣooṣù. Kò lè fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dá owó ilé lé e, ó sì jẹ́ kó dín sí ti àwọn yòókù ládùúgbò. Owó ìfẹ̀yìntì Winifred kò lè gbé e, nítorí náà ni wọ́n ṣe lọ béèrè owó ìrànwọ́ ilé lọ́wọ́ kánsù, bí àwọn arúgbó tó ń háyà ilé lọ́wọ́ àjèjì ṣe máa ń ṣe. Wọn kò kọ ìwé àdéhùn kankan. Ní òpópónà yẹn, ẹni tó bá ní kí ẹbí òun fọwọ́ sí ìwé kó tó wọlé, èébú gidi ló bú u.

Kánsù kọ̀. Lẹ́tà wọn ṣàlàyé pé onílé tí kò lè lé ayálégbé kì í ṣe onílé, àti pé owó tó dín sí tọjà fi hàn pé àánú ẹbí ni wọ́n ń ṣe fún obìnrin náà. Garth ka lẹ́tà náà lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, ó tún un kà, kó tó gbé e fún Lorna ìyàwó rẹ̀.

"Òótọ́ ni mo ṣáà sọ," ni ó wí.

"Òótọ́ wo? O lọ ń ṣe fújà níwájú akọ̀wé. Ó bi ọ́ bóyá onílé ni ọ́, o ní ọmọ dáadáa ni ọ́."

Winifred to ife sórí tábìlì. Ó bu tíì fún wọn.

Fún ìgbà díẹ̀, ó ń san owó náà fúnra rẹ̀. Kò sọ bó ṣe ń rí i san, títí Garth fi wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́ níta, tó gbé ọwọ́ lé híta ògiri, tó bá a pé ó tutù bí òkúta. Àǹtí rẹ̀ wà lórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù Clifford lọ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn ni Garth kò ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Báńkì kò dá tirẹ̀ dúró. Wákàtí tí Garth fi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì dín kù.

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìkàwé tó máa ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́ tán, kí wọ́n lọ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kí Garth kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe onílé. Kí ó kọ ìwé àdéhùn. Kí ó gbé owó ilé sókè dé iye tí àjèjì yóò gbà. Kí wọ́n má gbé oúnjẹ fún obìnrin náà mọ́, kí òun náà má sì bá wọn tọ́jú ọmọ, nítorí kánsù lè rán èèyàn wá bi àwọn aládùúgbò léèrè.

Bí Garth ṣe di onílé nìyẹn. Ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti máa ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀, láìkanlẹ̀kùn, á bọ́ bàtà, á ṣí ìkòkò wò. Ó wá di ẹni tó ń gba iwájú, tó ń tẹ aago. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, onílé yín ti dé o."

"Onílé, ẹ kú àbọ̀. Òrùlé yín ń jò, ìwà yín náà ń jò."

Nígbà tó yá, yẹ̀yẹ́ náà tán lẹ́nu wọn. Garth á dúró lójú ọ̀nà, á gba owó tí òun fúnra rẹ̀ ti fún un lábẹ́lẹ̀ kó lè san án lójú ayé, á wo fèrèsé òdìkejì, á lọ. Lorna kò gbé àwo oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi wá mọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Bí àwọn ará ojúlé kejì bá ń jẹun, Winifred á máa gbọ́ ohùn wọn láti àgbàlá, á sì máa fi etí mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Kánsù tún kọ̀. Sugden ní ìdáhùn àkọ́kọ́ tí Garth fún àwọn ṣì wà nínú àkọsílẹ̀, àti pé ìwé àdéhùn tuntun yìí, nítorí owó ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, báńkì kọ̀wé pé àwọn yóò ta ilé Hilda bí Garth kò bá san gbèsè tó ti dá.

Garth ní láti gbé ilé náà fún ẹni tó lè sanwó, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú ìwé kó-jáde wá fún àǹtí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó wọlé, ó jókòó. Ó gbé ìwé náà sórí eékún, kò lè nà án sí i.

"Gbé e wá," ni Winifred wí. "Ṣé mo máa fọwọ́ sí i ni?"

"Àǹtí Winnie, èmi kọ́ ni mo fẹ́…"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Winifred rò pé ó tán síbẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá ibùgbé fún aláìnílé ní kánsù, wọ́n ní kó pa dà síbi tó ti wá, kó dúró títí ilé ẹjọ́ yóò fi lé e. Bó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, òun ló sọ ara rẹ̀ di aláìnílé, kò sì sí ohun tó kan kánsù níbẹ̀. Garth ní láti pe àbúrò ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ wọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí òjò. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Adájọ́ béèrè lọ́wọ́ Winifred bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní kò sí. Ẹjọ́ náà kò pẹ́ tó àsìkò tí omi tíì fi ń hó. Garth bá a de bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀, ó sì gbé e pa dà sílé.

Lẹ́yìn èyí ni kánsù tó gbà pé wọ́n ti lé e. Wọ́n wá yàrá kan fún un ní ìlú etíkun kan lẹ́yìn àwọn òkè, ní hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kò yà sí mọ́. Kánsù ló ń sanwó rẹ̀. Ọkùnrin ilé ìkàwé ló sọ iye rẹ̀ fún Garth. Ó ju ìlọ́po méjì owó tí òun béèrè lórí odindi ilé. Nígbà tó sọ fún Lorna, Lorna jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò sì dìde fún ìgbà pípẹ́.

Ògiri ilé kejì ni fèrèsé yàrá náà kọjú sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ dáná níbẹ̀, àlejò kò sì gbọ́dọ̀ kọjá gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ Ìsinmi ìbẹ̀rẹ̀, Garth wá. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti máa ń jẹ ẹja díndín àti ànàmọ́ nínú bébà, tí èémí wọn á fi bo gíláàsì ọkọ̀, tí wọn kò sì ní rí òkun tí wọ́n dojú kọ. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un níṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, kò sì sí nínú àwọn tó lè kọ iṣẹ́. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan ti kó sí ilé Hilda. Owó wọn kì í pẹ́. Winifred kò béèrè ohun tí wọ́n fi sí ojú fèrèsé. Ó ń ra búrẹ́dì àti ẹran tí wọ́n ti sè sílẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé tí òun bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń tajà, òun ní láti kọ́kọ́ wúkọ́ kí ohùn tó jáde.

Ní oṣù Èrèlé, tẹlifóònù rẹ̀ dún. Ọmọbìnrin kan ni, láti kánsù. Ó kí i dáadáa. Ó ní àyẹ̀wò lásán ni, kò ní pẹ́ rárá.

"Ṣé inú yàrá yẹn náà lẹ ṣì wà, màmá?"

"Ibẹ̀ náà ni mo wà."

"Ṣé ẹnì kankan ń bá yín gbé?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ṣé ẹ bá ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì yẹn tan? Àbí ọ̀rẹ́ yín ni?"

"Mi ò rí i rí. Mi ò mọ ẹnì kankan ní ìlú yìí."

Winifred ń gbọ́ tí ìka ọmọ náà ń tẹ nǹkan.

"Ó dára gan-an. Kò sí ìṣòro kankan pẹ̀lú tiyín, màmá. Ẹ ó máa rí owó ìrànwọ́ yín gbà lọ. Ó ti parí."

"Ó ti parí?" Winifred di tẹlifóònù náà mú dáadáa. "Ṣé kò sí òmíràn tí ẹ fẹ́ bi mí?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá náà ń ṣàwàdà. Ó ní rárá o, ìyẹn ti tó, ó sì pa tẹlifóònù.