Ẹsẹ̀ Tó Ń Bọ̀ Níwájú

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ hán lókè, fún ẹgbẹ́ wa ní Melbourne. Bàbá mi ló fi jẹ́sì lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tuntun.

"Darcy, tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lókè, òun nìkan ni kó o máa wò."

Ọ̀rọ̀ rírọrùn! Àgbọ̀n bàbá mi, tí bọ́ọ̀lù yẹn ti sọ di wíwọ́ nígbà tóun náà ń gbá a, ni èmi ń wò.

Ní ìpele kẹta nínú mẹ́rin tí eré náà ní, bọ́ọ̀lù gbéra. Mo gbójú sókè, mo ń sá tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe fẹ́ hán an, mo gbọ́ ẹsẹ̀ gììrì níwájú mi. Mo dijú, mo fawọ́ sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, àwọn tá à ń bá gbá sì fi jẹ góòlù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kóòṣì fi fídíò náà han gbogbo wa. Ó dá a dúró níbi tí mo ti dijú. Rẹfirí nìkan ló wà níwájú mi, tó ń sá kúrò lọ́nà.

"Ta lo ń sá fún?"

Ikú yá ju ẹ̀sín. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Hanrahan, àgbà nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa, tẹ̀ sí etí mi.

"Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí bọ́ọ̀lù. Mo ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn."