Fọ́tò Mojọlá Lára Ògiri Igolo

Sosthène tó ń gun zém, ìyẹn alùpùpù akérò, ló kọ́kọ́ rí Mojọlá láàárọ̀ ọjọ́ náà níwájú ilé rẹ̀ ní Ifangni. Díẹ̀ ló kù kí alùpùpù rẹ̀ forí sọ ògiri.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ dúró síbẹ̀ ná," ó ní. "Ẹ má sún mọ́ mi."

Mojọlá dúró. Láti àná ni àárẹ̀ ti mú un. Wákàtí mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀ nínú pósí nítorí fíìmù, torí pé iná kámẹ́rà ń kú, ó ń jí. Orúnkún ń ro ó, ara rẹ̀ sì gbóná. Ó bi í pé kí ló dé.

"Àfíìṣì yín wà ní Igolo, lára ògiri àwọn tó ń ṣẹ́ náírà. Fọ́tò yín ni, wọ́n ya àgbélébùú sókè rẹ̀. Gbogbo èèyàn ti rí i. Wọ́n ní ẹ ti kú."

Ìgbà yẹn ló yé Mojọlá. Àlàní tó ń darí fíìmù ló tẹ ìkéde òkú náà, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ káàkiri lọ́dọ̀ wa bí èèyàn bá kú: fọ́tò, orúkọ, ọjọ́ ìsìnkú. Orúkọ inú eré, Madame Thérèse, ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka orúkọ? Ojú ni wọ́n ń wò. Lánàá, wọ́n ya ìran ti ara ògiri tán, wọ́n ya ti inú pósí, bí òjò ṣe dé nìyẹn, oníkálukú sá wọ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó rántí bébà.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lagbé ni màmá ń gbé, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá tí Dieudonné, àbúrò Mojọlá, kú, ọjọ́ mẹ́ta ni màmá ò fi lè sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tún wá sọ fún un pé èyí tó kù náà ti lọ... Mojọlá ò rò ó tán.

Ó pe fóònù Faridatou, ìyàwó Dieudonné, tó ń bá màmá gbé. Wọ́n gbé e. Ó gbọ́ ẹkún lẹ́yìn.

"Faridatou, èmi ni. Mojọlá."

Obìnrin náà lọgun, ó sì pa fóònù.

"Gbé mi lọ sí Lagbé," ni Mojọlá wí.

Sosthène ò mira. "Ẹ̀yin gan-an ni, àbí?"

"Fọwọ́ kàn mí."

Ó fi ìka kan kàn án nígùnpá, bí ẹni tó ń wò ó bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná. "Họ́wù, ó gbóná o."

"Ibà ló ń ṣe mí."

Ó rò ó díẹ̀. "Mi ò tíì gbọ́ òkú tí ibà ń ṣe. Ẹ gùn ún."

Ọ̀nà ò dáa lẹ́yìn òjò. Bí wọ́n ti ń bọ́ sínú kòtò tí wọ́n ń jáde, Mojọlá ń ro ayé ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ ṣeré, eré Ìjìyà Olúwa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé àtùpà kiri láti ọgbà ilé ìwé kan sí òmíràn, Sakété, Pobè, títí dé Kétu. Nígbà tí fíìmù dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ẹnubodè sí Idiroko. Wọ́n fi í ṣe ìyàwó. Wọ́n fi í ṣe ìyá ọkọ burúkú. Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, wọ́n rí i pé ó lè sé èémí, pé eṣinṣin lè rìn lórí ètè rẹ̀ kó má mira, ni wọ́n bá sọ ọ́ di òkú. Ó ti kú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Àṣà kan wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ṣe òkú, kó tó jáde nínú pósí, ó gbọ́dọ̀ lajú, kó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, kí gbogbo ohun tó bá ń wò, títí kan ikú, lè mọ̀ pé eré ni. Mojọlá ò fi í ṣeré rí. Ṣùgbọ́n lánàá, òjò dé. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ara rẹ̀ jáde nínú pósí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù ń bà á. Kò sọ fún Sosthène.

Ní Lagbé, àwọn obìnrin ti jókòó sórí ẹní níwájú ilé. Ọ̀kan gbójú sókè. Kó tó dìde tán, gbogbo wọn ti fọ́n ká, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù sílẹ̀. Akúdàáyà ni wọ́n pè é, ẹni tó kú tó ṣì ń rìn kiri, tí yóò pòórá bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rí i.

Faridatou nìkan ló dúró, ó dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Bó bá jẹ́ pé ẹ ti kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ jẹ́jẹ́. Màmá ò lágbára ẹ̀ mọ́."

"Mi ò kú, Faridatou."

"Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn."

Ohùn màmá ti inú yàrá wá. "Kúrò lọ́nà. Èmi ni mo bí i. Bí kì í bá ṣe òun, ojú tèmi ni yóò lé e lọ."

Ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀ jáde. Ó dúró síwájú ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Àwọn tó ti fọ́n ká ń yọjú láti òkèèrè, wọ́n ń retí kí Mojọlá pòórá. Mojọlá fúnra rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bóyá ó ṣì wà nílẹ̀.

"Ṣé o rẹ́rìn-ín lánàá?" ni màmá bi í. Ó mọ àṣà náà. Ó máa ń bi í lẹ́yìn gbogbo fíìmù.

"Òjò dé, Màmá."

"Rẹ́rìn-ín báyìí."

Mojọlá gbìyànjú. Ó yọ eyín.

"Ti inú fíìmù nìyẹn. Tìrẹ ni mo ní kó o rín."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, Màmá. Ó ti rẹ̀ mí."

Màmá na ọwọ́, ó fi kan ọrùn rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mú un kúrò. "Ibà," ó ní. Ó yíjú sí Faridatou. "Gbé omi kaná. Ọmọ mi nìyí." Ohùn rẹ̀ já gaara.

Ó mú Mojọlá wọlé, ó tẹ́ ẹní fún un. Mojọlá dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ tò fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń tò nínú pósí: ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí àyà, ojú pa dé.

Màmá fi ọ̀pá kàn án lẹ́sẹ̀. "Má sùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi. Fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀."

Ó yí padà, ó ká orúnkún rẹ̀ sókè bí ọmọdé.

Fóònù rẹ̀ dún. Àlàní ni. Òjò ti ba ti àná jẹ́, wọ́n fẹ́ tún ti inú pósí yà. Màmá ló gbé e, ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹ lọ yọ bébà yín lára ògiri ná," ó ní. "Ó ń sùn."

Ó fi fóònù sábẹ́ itan, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó bóyá èémí ń jáde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún nà án.