Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Yahya

Ìyá Yahya gbé báàgì tó gbé ti ọjà Ìkòtún bọ̀ kalẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì bọ́ sínú kòtò. Kò pariwo, kò ṣépè. Kòtò náà mù ún dé àyà. Ó wá ibi tó tẹ́jú nínú rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jókòó ní pálọ̀ ara rẹ̀. Jàfárù tó ń gbẹ́ kòtò ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó fò jáde.

"Ọ̀gá!" ó ké sí onílé. "Ẹ wá wo Ìyá o! Èmi ò lè bá àgbàlagbà jà nínú kòtò."

Simeon sáré ti iwájú ilé dé. Oṣù kẹrin rè é tó di onílé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún tó fi ń sanwó ilé fún ẹlòmíràn l'Ẹ́gbẹ́dá. Ẹ má rò pé ó fi ìwàǹwára rà á o. Ó yẹ ìwé súfè ilẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àfi kí gbogbo ọmọ olóògbé Bàbá Julius, ẹni tó ni ilé tẹ́lẹ̀, tọwọ́ bọ̀wé, títí kan èyí tó wà ní Kánádà. Ó tọ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò lọ, ó bèèrè títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Lọ́yà rẹ̀ gan-an ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù jàre." Simeon wá gbà pé ojú òun là. Hẹ̀ẹ́! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìyá Yahya nìkan ni kò jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn tán. Nígbà tí àwọn ayálégbé yòókù gba nótíìsì, wọ́n kó jáde. Òun kò kó. Ó ní yàrá ẹ̀yìn tí òun ti ń gbé láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti tẹ́ òun lọ́rùn. Simeon pinnu pé òun á ṣiṣẹ́ yí i ká ná. Ilé náà yóò di fúláàtì mẹ́ta. Fúláàtì ò ṣe é gbé láìsí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ò sì ṣe é lò láìsí sókàwéè tí ìdọ̀tí rẹ̀ yóò máa ṣàn sí. Ẹ̀yìnkùlé ló yàn fún un, torí pé iwájú ilé ni àwọn ayálégbé yóò máa gbé ọkọ̀ sí. Tolúwalọpẹ́ àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ gba fúláàtì àkọ́kọ́, ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n sì ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí kò bá sí àyè ọkọ̀, àwọn ò gbà á. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni Simeon sì fi ra ilé. Bí ayálégbé ò bá wọlé, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò ti máa gé e títí tí yóò fi fẹ̀yìntì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti ń le. "Ẹ ò ṣá fẹ́ kí n tún ilé mi ṣe, àbí? Yahya dà gan-an? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Kó wá mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀, kí n má baà ṣe ohun tí kò yẹ ọmọlúàbí."

Ìyá náà gbójú sókè wò ó. "Yahya wà níbí."

Simeon wẹ̀yìn wò. Kò rí ẹnì kankan.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ibà ló ṣe é. Ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ, wọ́n sì ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Julius ló ṣàánú wa, ó ní kí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé òun."

Simeon na ọwọ́ sí i láti fà á jáde. "Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá. Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí, a ò ní fọwọ́ kàn án. Jàfárù á bọ́ sí apá kejì."

"Ta ló fi hàn mí?" Ìgbà yìí ni ohùn rẹ̀ tó já. "Ta ló ń fi sàréè ọmọ han ìyá tó bí i, Bàbá onílé? Inú yàrá ni wọ́n tì mí mọ́. Bàbá Julius àti Àáfà tó sin ín nìkan ló mọ ibẹ̀, àwọn méjèèjì ti lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé yìí ni. Mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò síbi tí ẹ fẹ́ fi ṣọ́bìrì kàn tí àyà mi ò ní já."

Ó jẹ́ kí wọ́n fa òun jáde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìró rẹ̀, ó wọlé lọ.

Jàfárù wá fa Simeon sẹ́yìn ògiri. Ó ń làágùn. "Ọ̀gá, kí Ìyá tó dé láàárọ̀, mo bá nǹkan pàdé. Pákó tó ti jẹrà, àti egungun wẹ́wẹ́. Mo ní ti ewúrẹ́ ni. Wállàhì, ti ewúrẹ́ ni mo pè é! Mo kó wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì."

Simeon yíjú wo ilẹ̀kùn Ìyá.

"A lè tẹ́ ẹ sí igun ọ̀hún jẹ́ẹ́, ká máa bá iṣẹ́ lọ," Jàfárù ní. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Òótọ́ ni, ta ló fẹ́ mọ̀? Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, Simeon rò ó dáadáa. Ó ro ọjọ́ Ajé, ó ro owó oṣù, ó ro ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí yunifásítì. Ó ṣí ẹnu àpò náà wò. Bó ti pa á dé, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Yahya.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn yín. Ẹ ti fèrèsé náà."

Ìyá náà wo ojú rẹ̀. Wọ́n ti pa irú àṣẹ yìí fún un rí. Ó tì í fúnra rẹ̀.

Jàfárù ṣe àdúà tó mọ̀, Simeon tó jẹ́ Kírísítẹ́nì sì ń ṣe àmín tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, èmi náà ò ní sọ ọ́. Wọ́n dí kòtò, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n ro gbogbo ẹ̀yìnkùlé láti ògiri dé ògiri, títí ojú ilẹ̀ fi rí bákan náà. Jàfárù gbé ṣọ́bìrì lọ sí iwájú ilé, sí ibi tó yẹ kí ọkọ̀ máa wà. "Ọ̀gá, èmi ò rí nǹkan kan lónìí o," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

Ìyá Yahya jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀. Kò wo ilẹ̀. Ọwọ́ Simeon tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ ló wò, ó sì ń da omi sí i.

"Bàbá onílé, mi ò bèèrè ibẹ̀ o," ó ní. "Ṣé omi kì í ṣá dúró síbẹ̀?"

"Kì í dúró síbẹ̀, Ìyá. Ibẹ̀ gbẹ."

Obìnrin náà mi orí pé òun ti gbọ́, ó sì ń da omi lọ. Simeon ń fọ ọwọ́. Bàbá Julius ò ta ilé yìí fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú, kò sì lé obìnrin yìí. Simeon ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun náà ò ní lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.