Ibi Tí Gọ́tà Ti Yà

Olúsànyà, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe gọ́tà fún káńsù, fúnra rẹ̀ ló na okùn láti òkè Ire-Akari wá sí etí odò Ìsọlọ̀. Ó nà án gbọnrangandan, ó kan èèkàn mọ́ ọn, ó sì kìlọ̀ pé bí gọ́tà yìí bá fi lè yà níbì kankan, omi yóò gba ibẹ̀ wọlé onílé. Àyànníyì, bíríkìlà ará Ìwó tí wọ́n gbé apá ìsàlẹ̀ fún, dáhùn pé ó ti yé òun. Ó sì yé e lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, jáde ni. Ẹni tó bá ti rí tirẹ̀ gbà, ilé ló ń kọ́. Oko ẹ̀gẹ́ àti àbàtà tó máa ń mu omi òjò láti Àjàó títí dé Èjìgbò ti di búlọ́ọ̀kù àti páànù, omi kò sì ríbi dúró sí mọ́. Ìsọlọ̀ ní ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ bọ̀.

Èèkàn kejìlá bọ́ sórí sàréè. Ìyá Àlàájì Mùktárù ni wọ́n sin síbẹ̀, lẹ́yìnkùlé ilé tí Àlàájì ń fi háyà fún àwọn ayálégbé. Wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí i, wọ́n kùn ún lẹ́fun, àràárọ̀ Jímọ̀ sì ni Àlàájì máa ń jókòó tì í láti ṣàdúrà.

"Bíríkìlà," ni Àlàájì wí, kò tilẹ̀ pariwo, "ṣé o lè da omi ìdọ̀tí gba orí ìyá tìẹ?"

Àyànníyì wolẹ̀. Wọ́n sin ìyá tirẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìwó, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí fún àlejò. "Rárá o, Àlàájì."

"Ó dáa, yà á díẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré. Ta ló máa mọ̀?"

Ó yà á. Gọ́tà náà bọ̀ tààrà láti òkè, ó dé ẹ̀gbẹ́ sàréè, ó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, ó gba ìdí ògiri yàrá ìkẹyìn nínú ilé Àlàájì kó tó padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí Olúsànyà wá wò ó, wọ́n ti to páákó bò ó, Àyànníyì sì ní kọnkéré kò tíì gbẹ. Ọkùnrin náà gbà á gbọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú Àlàájì dùn débi pé ó ní kí Àyànníyì máa gbé yàrá ìkẹyìn yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, kó lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá láti ilé. Nígbà tí èèyàn mẹ́fà ń há mọ́ inú yàrá kan káàkiri Ìsọlọ̀, ta ló jẹ́ kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀?

Báyìí ni Ìsíátù ṣe dé pẹ̀lú Sùlè, ọmọ wọn tí kò tíì lè dá jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi ya lu ògiri gbì, ife jábọ́ lórí tábìlì.

"Bàbá Sùlè, ta ló ń lu ògiri wa?"

"Omi ni. Ó ń kọjá lọ ni."

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ògiri ti là láti ìdí. Àyànníyì po sìmẹ́ǹtì, ó dí i. Òjò rọ̀, ó tún là, ó tún dí i. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, ẹ̀rù ìyàwó àti ọmọ tó ń sùn ti ògiri náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́wọ́ fún Olúsànyà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, wọ́n á sì hú ìyá Àlàájì. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé òun á sọ. Ọjọ́ Ajé dé, ó tún sún un síwájú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Keje ni ojú ọ̀run ṣú láti ọ̀nà Àjàó. Èjìgbò ni Àyànníyì ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò dúró de ẹ̀kán òjò kejì, ó sọ ṣọ́bìrì nù, ó bẹ́ sí eré. Omi ti dé orúnkún lójú títì, ó ń gbé ìkòkò àti bàtà lọ. Nígbà tó fi máa délé, kò sí yàrá ìkẹyìn mọ́. Wàsílátù, opó tó ń gbé ilé kejì lódìkejì sàréè, ló gbé Sùlè dání.

"Omi ti ti ilẹ̀kùn pa mọ́ Ìsíátù," ó ní. "Ó na ọmọ sí mi lójú fèrèsé, mo gbà á. Mo ní kóun náà mú ọwọ́ wá. Mo ti di ọwọ́ ẹ̀ mú, Bàbá Sùlè. Mo ti dì í mú kí ògiri tó wó."

Wọ́n fẹ́ gbé òkú Ìsíátù lọ sí Ìwó, ṣùgbọ́n omi ti gba gbogbo ọ̀nà. Àlàájì, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún, ní, "Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi la máa sin ín sí. Ọmọ mi ni." Wọ́n sin ín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àyànníyì fúnra rẹ̀ ló rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí i.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Olúsànyà dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn. Kò wá jà. Ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Káńsù ní ká la gọ́tà náà tààrà. A ó kó àwọn òkú méjèèjì lọ síbòmíràn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sọ́nà mìíràn."

"Mo mọ̀, sà," ni Àyànníyì wí. Ó gbé Sùlè sí èjìká, ó lọ dúró sáàárín sàréè méjèèjì. "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbẹ́ ibí."

Olúsànyà gbé èèkàn kalẹ̀. "Òjò oṣù Kẹsàn-án ń bọ̀. Ibo ni kí omi wá gbà?"

Àyànníyì na ọwọ́ sí òdìkejì, sí ìdí ilé tí Wàsílátù ti ń sá aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ yà á síbẹ̀ yẹn."

Wàsílátù kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó rò pé òun ni wọ́n ń pè, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó sì ń bọ̀ wá bá wọn.

"Bàbá Sùlè, ẹ gbé e wá kí n bá yín wẹ̀ ẹ́," ó ní. "Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́."